Ṣé nẹ́búlà ṣeé yà láàrin ìlú tíná ti pọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ máa ya nẹ́búlà, àwọn ìkùukùu gáàsì ojú ọ̀run yẹn, àmọ́ àárín ìlú ni mò ń gbé, iná títì níwájú, iná títì lẹ́yìn. Mo ní kámẹ́rà tí mi ò tíì tú inú ẹ̀ rí, lẹ́ǹsì 135mm àti tírákà tó ń bá ìràwọ̀ yí, àmọ́ tí mo bá ti ṣí kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú 3 péré, gbogbo fọ́tò á funfun báláú. Àwọn kan ní kí n ra fílítà, gíláàsì tó ń yan ìmọ́lẹ̀ tó máa wọ kámẹ́rà, àwọn kan ní kí n má fowó ṣòfò, kí n kúkú máa gbé kámẹ́rà lọ síbi tó ṣókùnkùn. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, àwọn méjèèjì ló rí òótọ́ sọ, ohun tó o fẹ́ yà ló máa sọ tẹni tó o máa gbọ́. Nẹ́búlà bíi M42 tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ Orion, Rosette, àti M8, gáàsì ni wọ́n, ìràwọ̀ gbígbóná tó wà nínú wọn ló ń mú kí wọ́n máa tàn, àwọ̀ díẹ̀ sì ni wọ́n fi ń tàn: pupa háídrójìn ní nánómítà 656.3 (ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀ nìyẹn), àwọ̀ ọ́síjìn ní 500.7. Fílítà dual-band á jẹ́ kí méjèèjì kọjá, á wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyókù, iná ìlú tó fọ́n ká gbogbo àwọ̀ ò sì ní rọ́nà wọlé tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí ló yẹ kó o ra o, kì í ṣe fílítà olówó pọ́ọ́kú àtijọ́ yẹn, iná títì sodium aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n ṣe é fún, LED funfun tó wà káàkiri báyìí á kàn gba ibẹ̀ kọjá ni jàre.

Àmọ́ tó bá jẹ́ àkójọ ìràwọ̀ Pleiades tàbí gálásì Andromeda lo ní lọ́kàn, gbàgbé fílítà. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ lásán nìyẹn, gbogbo àwọ̀ ló wà nínú ẹ̀ bíi ti iná ìlú, tó o bá gé ọ̀kan o ti gé èkejì. Ìyẹn ló ń fẹ́ òkùnkùn.

Kó o tó náwó rárá, ya M42 pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ. Fi ìṣẹ́jú 3 yẹn sílẹ̀ ná, ṣí kámẹ́rà fún sẹ́kọ́ọ̀ńdì 30, wo histogram, àwòrán inú kámẹ́rà tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe pọ̀ tó hàn, tí òkè ẹ̀ bá ti kúrò létí òsì pátápátá, ó ti tó. Wá yà á lọ bẹ́ẹ̀, 200, 300, kó o fi software Siril tàbí DeepSkyStacker kó wọn jọ di fọ́tò kan, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Fọ́tò ìlọ́po 4 ló ń dín wúruwùru inú fọ́tò (noise) kù sí ìdajì, torí náà wákàtí 4 láti ojúlé ẹ kì í ṣe nǹkan kékeré. Tó o bá ṣe tán, da T-shirt funfun bo lẹ́ǹsì, kọjú ẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dọ́gba, ya bíi 20 sí i láìfọwọ́ kan focus, àwọn yẹn ni software máa fi pa òjìji etí fọ́tò rẹ́.

Nǹkan kan tún wà táwọn tó ń ta fílítà kì í sábà sọ: kámẹ́rà tí wọn ò tíì tú inú ẹ̀ ti ní gíláàsì kan níwájú sensor (ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà), gíláàsì yẹn ló ń dí púpọ̀ nínú pupa háídrójìn. M42 á ṣì jáde dáadáa, Rosette lá ṣe ẹ́ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Tó o bá wá ra fílítà, ìgbà yẹn ni ìṣẹ́jú 3 ẹ wúlò, sì tún focus ṣe lẹ́yìn tó o bá ti fi í sí i, torí ó máa ń yẹ̀. Tóṣùpá bá yọ, háídrójìn ṣì ṣeé yà, ọ́síjìn lòṣùpá máa ń bà jẹ́ jù.