Ère Fang tí ẹ bá nínú ẹrù olóògbé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣòwò ní Libreville, olú ìlú Gàbọ́ọ̀nù, títí ó fi darúgbó. Lẹ́yìn ìsìnkú, a bá ère onígi kan nínú àpótí rẹ̀, wọ́n ní ti àwọn Fang ni. Oníṣòwò kan fẹ́ san 80,000 náírà. Àbúrò mi tó jẹ́ pásítọ̀ ní ká sun ún. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọ̀rọ̀ pásítọ̀ ni n ó kọ́kọ́ mú, torí ohun tí iná bá ti jẹ kò ṣeé gbà padà.

Àríwá Gàbọ́ọ̀nù, Equatorial Guinea àti gúúsù Kamẹrúùnù ni àwọn Fang ń gbé. Láyé àtijọ́, baálé ilé a máa tọ́jú agbárí àwọn baba ńlá tó lórúkọ sínú àpótí tí wọ́n fi èèpo igi ṣe. Byeri ni wọ́n ń pè é. Bí ogun bá fẹ́ dé, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ṣí ìletò lọ síbòmíràn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọrọ ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ ni ère ní tirẹ̀: orí ìdérí àpótí ló ń jókòó sí, kí ọ̀gbẹ̀rì má bàa fojú kan ohun tó wà nínú. Bí wọ́n bá ń mú ọmọkùnrin wọ awo, wọ́n a yọ ère kúrò, wọ́n a na aṣọ, ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ a wá máa mú ère jó lókè rẹ̀. Àwọn baba ni wọ́n ń bẹ, kì í ṣe igi. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ta ère fún òyìnbó, tí wọn ò sì jẹ́ fọwọ́ kan agbárí. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún pásítọ̀.

Ẹ wá yí i wò. Ṣé òpó kékeré kan yọ lábẹ́ ìdí rẹ̀? Òun ni wọ́n fi ń kì í mọ́ àpótí. Epo pupa ni wọ́n sábà fi ń pa á lára. Ère mìíràn wà ní mùsíọ́mù tí epo ṣì ń sun lára rẹ̀ dòní. Tó bá ń rùn bíi pólíìṣì bàtà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ ẹ fún àwọn arìnrìn-àjò ni, irú ìyẹn ló sì pọ̀ jù lọ́jà. Ẹ má fọ̀ ọ́ ṣá.

Ní ti 80,000 náírà, ẹ gbọ́ èyí. Ní 2021, tọkọtaya kan ní Faransé ta ìbòjú Fang fún oníṣòwò ní 150 yúrò. Ìbòjú Ngil ni, èyí tí ẹgbẹ́ tó ń lé àwọn oṣó máa ń gbé jáde. Bàbá àgbà ọkọ, tó ṣe gómìnà nígbà ìjọba amúnisìn, ló kó o bọ̀ láti Áfíríkà. Ní March 2022 wọ́n lù ú ní gbànjo ní Montpellier ní 4.2 mílíọ̀nù yúrò. Tọkọtaya náà pe oníṣòwò lẹ́jọ́, Gàbọ́ọ̀nù náà ní òun ló ni í. Ní 2023 ilé-ẹjọ́ ìlú Alès ní Faransé kò dá tọkọtaya náà tàbí Gàbọ́ọ̀nù láre; oníṣòwò ló jàre. N kò sọ pé tiyín á tó bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kó tó o. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó dárúkọ owó kó tó béèrè ibi tí ère ti wá, ó ṣeé ṣe kó mọ ohun tí ẹ ò mọ̀.

Ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè ìlú tí olóògbé ti rà á àti ọdún tó rà á, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá ìwé ọjà tó bá wà. Ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò gbé e lọ “yẹ̀ wò”. Tó bá jọ ti àtijọ́ lóòótọ́, mùsíọ́mù orílẹ̀-èdè tó wà ní Libreville ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti abẹ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ọkùnrin yẹn tó padà wá.