Ìdí tí sáìtì Bazi méjì fi ń fún ẹnì kan ṣoṣo ní òpó mẹ́rin tó yàtọ̀

Ẹ ní wọ́n bí yín l'Ékòó ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2000. Sáìtì Bazi kan (Bazi ni ọ̀nà tí àwọn ará Ṣáínà fi ń ka ìpín ẹni láti ọjọ́ àti wákàtí ìbí) pè yín ní Ehoro, èkejì pè yín ní Dírágónì, ẹ wá ń béèrè èyí tó tọ̀nà. Dírágónì ni. Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín títí ẹ ó fi mọ ibi tí ti àkọ́kọ́ ti ṣìnà.

Bazi túmọ̀ sí lẹ́tà mẹ́jọ. Òpó mẹ́rin ló ní: ti ọdún, ti oṣù, ti ọjọ́ àti ti wákàtí. Òpó kọ̀ọ̀kan ní àmì ọ̀run kan nínú 10 àti àmì ilẹ̀ kan nínú 12 (àwọn ẹranko tí gbogbo ayé mọ̀ ni àmì ilẹ̀ wọ̀nyẹn). Kò dà bí àkọsẹ̀jayé tí babaláwo ń dá Ifá kí odù tó jáde. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń dá níbí, kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń kà. Torí náà, bí sáìtì méjì bá yàtọ̀ lórí òpó ọdún, ìṣirò ọ̀kan nínú wọn ló ní àṣìṣe.

Ọdún Bazi kì í yí lọ́jọ́ ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà. Lichun ló ń yí i, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé, tó máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5 oṣù Kejì, tó sì ní wákàtí àti ìṣẹ́jú tirẹ̀. Lọ́dún 2000, aago 20:40 ní Beijing lọ́jọ́ 4 ni Lichun wọlé. Wákàtí 7 ni Èkó fi wà lẹ́yìn Beijing, torí náà 13:40 ni l'Ékòó. Aago 15:00 ni wọ́n bí yín. Ọdún ti yí. Sáìtì tí kò béèrè ìlú tí wọ́n bí yín sí yóò ka 15:00 yín sí 15:00 ti Beijing, á sì rò pé Lichun ṣì ku wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 40. Ó sì lè jẹ́ pé ọdún tuntun Ṣáínà ni wọ́n lò, èyí tó bọ́ sí ọjọ́ 5. Ẹ wo òpó oṣù kí ẹ lè mọ èyí tó ṣẹlẹ̀: bó bá jẹ́ Chou, ìyẹn Màlúù, aago ni wọ́n ṣì kà, bó bá jẹ́ Yin, ìyẹn Ẹkùn, tí ọdún sì jẹ́ Ehoro, ọdún tuntun ni wọ́n lò.

Wákàtí ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù. Wákàtí méjì-méjì ni àwọn ará Ṣáínà ń kà: Wei (Àgùntàn) láti 13:00 sí 15:00, Shen (Ọ̀bọ) láti 15:00 sí 17:00. Oòrùn ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe aago ìjọba. Aago Nàìjíríà bá oòrùn mu ní ìlà 15 ìlà-oòrùn (longitude), bẹ́ẹ̀ ìlà 3.4 ni Èkó wà. Ìlà kan jẹ́ ìṣẹ́jú 4, torí náà ẹ yọ ìṣẹ́jú 46. Oòrùn fúnra rẹ̀ tún máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 lọ́ra nínú oṣù Kejì, ó sì ń fi 16 yá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Ohun tó kù fún yín jẹ́ nǹkan bí 14:00. Wei ni yín, kì í ṣe Shen.

Gbogbo Ṣáínà ń lo aago kan ṣoṣo; ẹni tí wọ́n bí ní Urumqi, ní ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, yóò yọ ju wákàtí méjì lọ. Ẹni tí wọ́n bí ní Ṣáínà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láàárín 1986 sí 1991 yóò kọ́kọ́ yọ wákàtí kan, torí wọ́n sún aago síwájú nígbà náà. Bákan náà ni ọmọ wa tí wọ́n bí ní London nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ti ẹni tí wọ́n bí láàárín 23:00 sí ọ̀gànjọ́, àríyànjiyàn gidi ni: àwọn kan ń yí ọjọ́ ní 23:00, àwọn kan ní 00:00. Ẹ wo èyí tí sáìtì náà yàn.

Òpó mẹ́rin yín rèé, láti ọdún dé wákàtí: Geng Chen (Chen ni Dírágónì), Wu Yin, Ren Chen, Ding Wei. Láti ìgbà Xu Ziping, ọ̀gá Bazi kan nígbà ìjọba Song ní Ṣáínà, àmì ọ̀run ti ọjọ́ ni wọ́n ń pè ní ẹni náà gan-an. Ren ni yín, omi ni Ren, ọ̀kan nínú ohun márùn-ún tí àwọn àmì pín sí: igi, iná, erùpẹ̀, irin àti omi. Dírágónì ti ọdún kàn jẹ́ ọ̀kan nínú àmì mẹ́jọ.

Ẹ dán sáìtì wò kí ẹ tó gbà á gbọ́: ẹ fi ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2000, aago 12:00, Beijing, sínú rẹ̀. Ji Mao, Bing Zi, Wu Wu, Wu Wu ló gbọ́dọ̀ jáde.

Láti 2025 tí DeepSeek, ẹ̀rọ AI ti Ṣáínà tó ń dáhùn ìbéèrè, ti gbòde, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ṣáínà ló ń bi í nípa Bazi wọn. Mo lóye rẹ̀: iṣẹ́ ṣòro, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ń wọni lọ́rùn, ẹ̀rọ kì í bú èèyàn, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè máa méfò òpó ọjọ́, torí kíka ọjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni ìṣirò yẹn. Ẹ fún un ní òpó mẹ́rin tí ẹ ti yẹ̀ wò, kì í ṣe ọjọ́ ìbí.

Ẹ sá fún ẹni tó bá ní “irin yín kéré”, tó wá ń ta ẹ̀gbà ọwọ́ fún yín. Àmì mẹ́jọ tó hàn síta nìkan ni onítọ̀hún kà. Chen méjì lẹ ní, erùpẹ̀ ni wọ́n ń pè é, àmọ́ omi àti igi wà nínú rẹ̀. Oṣù tí wọ́n bí èèyàn ló ń sọ bí àmì kọ̀ọ̀kan ti lágbára tó, kì í ṣe iye rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ bi màmá yín. Ṣé aago ni wọ́n wò, àbí wọ́n kàn ń fojú bù ú? Bí ìṣẹ́jú 30 bá yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, kò ba nǹkan kan jẹ́, àárín Wei lẹ wà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kó tó di 13:40 ni wọ́n bí yín, Ehoro lẹ padà sí, oṣù yín náà á sì yí.