Yaocho: ọ̀rọ̀ tó jáde láti ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ẹnì kan tó fẹ́ràn ìjàkadì sumo béèrè pé kí ni "yaocho" tí àwọn ará Japan máa ń sọ bí ìjà kan bá rú wọn lójú, àti pé ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀fọ́ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ìjà tàbí eré tí wọ́n ti ṣètò ẹni tó máa borí sílẹ̀ ni yaocho. Ẹ̀fọ́ sì wà níbẹ̀ o. "Yaoya" ni wọ́n ń pe ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́; bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ẹgbẹ̀rin ló wà nínú rẹ̀, nítorí pé ọjà orí àtẹ kì í lóǹkà. "Cho" ni wọ́n gé kúrò lára Chobei, orúkọ ẹni tó ni ìsọ̀. Ìnagijẹ lásán ni, bí ìgbà tí àwa bá ń pe ènìyàn ní Làmídì Ẹlẹ́fọ̀ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń pìtàn rẹ̀ nìyí. Láyé Meiji (1868 sí 1912), Chobei ń ta ẹ̀fọ́ fún àwọn onísumo. Àgbà kan láàárín wọn, Isenoumi, fẹ́ràn Go, eré orí ọpọ́n kan, bí ẹní máa kú. Ọpọ́n Go ní ìlà 19 lóròó àti 19 níbùú, oríta 361. Ọ̀kan mú òkúta dúdú, èkejì mú funfun, wọ́n á máa gbé e kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti balẹ̀ kò tún ní í sún mọ́, àfi bí ọ̀tá bá dí gbogbo àyè tó yí i ká, kí wọ́n kó o kúrò. Ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Chobei mọ̀ ọ́n ta ju Isenoumi lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n oníbàárà kúkú ni bàbá. Bí Chobei bá jẹ lónìí, á jẹ́ kí bàbá jẹ lọ́la. Ó ń ta ọpọ́n, ó ń ta ẹ̀fọ́.

Àfìgbà tí wọ́n ṣí ilé ìta-Go kan ní Ryogoku, àdúgbò kan ní Tokyo. Ọ̀gá kan wá láti ilé Hon'inbo, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Go láti ìran dé ìran. Chobei jókòó tì í, wọ́n sì ń bá ara wọn ta á dọ́gbadọ́gba. Àṣírí tú.

Ó rọrùn láti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ nínú Go. Oríta kan wà tí wọ́n ń pè ní "dame", tí kò bọ́ sínú ilẹ̀ ẹnikẹ́ni; ẹni tó gbé òkúta síbẹ̀ kò jèrè nǹkan kan. ("Dame" yìí náà ni wọ́n fi ń bá ọmọdé wí pé kò dáa.) Ẹ má rẹ́rìn-ín: èmi náà ti fi ọmọ ayò kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú ihò tí mo ti kà á pé ọwọ́ bàbá ìyàwó mi máa dé. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n yọ̀, wọ́n ní kí wọ́n bu ẹran kún oúnjẹ mi. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe jìbìtì, ọ̀wọ̀ àna ni.

Ṣùgbọ́n yaocho ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́. Ní 2011, àwọn ọlọ́pàá tó ń yẹ fóònù àwọn onísumo wò nítorí tẹ́tẹ́ baseball rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣètò ẹni tó máa ṣubú. Ẹgbẹ́ sumo fagi lé ìdíje oṣù kẹta ní Osaka. Títí di ìgbà náà, wọn kò tíì fagi lé ìdíje kankan láti 1946. Nítorí náà, bí ará Japan bá pe ìjà kan ní yaocho, kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe. Ẹ̀sùn ńlá ló fi kàn wọ́n yẹn.