Ìfúnpá mi ti wálẹ̀: ṣé mo lè dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró?

Ìbéèrè:

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọkùnrin ni mí, mo jẹ́ ọmọ ọdún 44. Rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi nígbà tí wọ́n wà ní ẹni ọdún 58, apá ọ̀tún wọn kò sì padà bọ̀ sípò títí wọ́n fi kú. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n wọn ìfúnpá mi níbi iṣẹ́, ó jẹ́ 156/98. Orí kò fọ́ mi, ara kò ro mí, mo sì ń sùn dáadáa. Wọ́n fún mi ní oògùn kan tí mò ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó ti wálẹ̀ sí 124/78. Inú mi dùn, ni mo bá dá oògùn náà dúró kó má baà ba kíndìnrín mi jẹ́. Ṣé ohun tí mo ṣe yìí dára? Àti pé, nígbà tó jẹ́ àrùn ìdílé, ṣé ohun kan wà tí mo lè ṣe tí kò fi ní kọlu èmi náà?

Ìdáhùn:

Mo kí yín kú àṣẹ̀yìndè bàbá yín. Inú mi dùn pé ẹ béèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ṣeé tún ṣe. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ oògùn náà fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n tún ìfúnpá yín wọ̀n, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ti dá a dúró. Ẹ má tijú. Àwọn tó ń sọ irú rẹ̀ fún mi kò níye, àwọn tí kò sọ ló ń bà mí lẹ́rù.

124/78 tí ẹ rí yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti lọ. Iṣẹ́ oògùn ni. Bí èèyàn bá fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń tì, ilẹ̀kùn á dúró. Bó bá gbé ọwọ́ kúrò, á tún ṣí. Oògùn tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kì í pẹ́ tán nínú ara, tó bá sì ti tán, ìfúnpá á rọra máa gòkè padà láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára, gẹ́gẹ́ bí ẹ kò ṣe mọ̀ ọ́n lára nígbà tó wà ní 156.

Nọ́ńbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kó tó tún lù. Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí òkè ń tó 140 tàbí tí ìsàlẹ̀ ń tó 90, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn, kódà bí ara ẹni tó ni ín bá le koko. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í dunni nígbà tó bá ń bàjẹ́. Nínú àgbàlagbà tó lé ní bílíọ̀nù kan tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru káàkiri ayé, Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní in.

Bí ìfúnpá bá ti ń ti ògiri iṣan lọ́dún kan dé òmíràn, ògiri náà á máa nípọn, á máa le, ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ ọn nínú, ojú ọ̀nà á sì máa há. Lọ́jọ́ kan ẹ̀jẹ̀ dídì á dí i pátápátá, apá ibi tí iṣan náà ń bọ́ nínú ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Irú rọpárọsẹ̀ yìí ló wọ́pọ̀ jù. Irú kejì ni èyí tí iṣan tín-ín-rín kan bẹ́ nínú ọpọlọ, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn síbi tí kò yẹ. Kò sí ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn méjèèjì tó ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ oògùn yín: nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí lórí rẹ̀ pọ̀, wọ́n rí i pé bí nọ́ńbà òkè bá fi 10 wálẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ ń dín kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Tiyín fi 32 wálẹ̀.

Ní ti kíndìnrín tí ẹ ń bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ náà yí padà sí bí ẹ ṣe rò ó. Ìfúnpá tó ga tí a kò tọ́jú wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù lọ. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tilẹ̀ wà tí a máa ń yàn nítorí pé wọ́n ń dáàbò bo kíndìnrín, a sì máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò látìgbàdégbà láti rí i pé kò sí ìṣòro. Oògùn tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni àwọn oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac, bí ẹ bá ń lò wọ́n lemọ́lemọ́. Wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì ń mú ìfúnpá gòkè.

Bó bá jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló mú yín dá a dúró, ẹ sọ ọ́. Oògùn kan lè fa ikọ́ gbígbẹ, òmíràn lè mú kókósẹ̀ wú. Àwọn ọkùnrin míì á dá a dúró láìsọ̀rọ̀ nítorí pé nǹkan ọkùnrin wọn kò ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ ń fa èyí, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ náà ń bàjẹ́, oògùn kan sì lè dá kún un. Oríṣiríṣi oògùn ló wà, a lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ la ò lè bá pààrọ̀.

Ẹ bèèrè ti ìdílé. Òótọ́ ni pé ẹni tí òbí rẹ̀ rọpárọsẹ̀ ní ewu ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní INTERSTROKE, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 32, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2016, fi hàn pé ohun mẹ́wàá tó ṣeé yí padà ló wà nídìí bíi mẹ́sàn-án nínú rọpárọsẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú wọn. Sìgá, àtọ̀gbẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ikùn ńlá, ọtí àmujù, àìṣeré ìdárayá àti àìsàn ọkàn wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín wò nígbà tí ẹ bá lọ, kí wọ́n sì tẹ́tí sí bí ọkàn yín ṣe ń lù. Ọkàn tó ń lù ségesège lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú rẹ̀, kí ó sì gba ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Bí ẹ bá ń mu sìgá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Kí iyọ̀ yín má ju gíráàmù 5 lọ lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti fi sínú oúnjẹ kí ẹ tó rà á. Ẹ máa fi ìrìn kánmọ́kánmọ́ pé ìṣẹ́jú 150 láàárín ọ̀sẹ̀. Bí gbogbo èyí bá mú ìfúnpá wálẹ̀ gan-an, dókítà lè dín oògùn kù. Ẹ jẹ́ kí òun ló dín in kù.

Ẹ ra ẹ̀rọ tí ẹ ó máa fi wọn ìfúnpá yín nílé, èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń wọ̀n ọ́n lọ́nà tó ń purọ́ fún wọn. Kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ lọ tọ̀ ná, ẹ má mu kọfí tàbí sìgá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ láìká wọn lórí ara wọn. Ẹ gbé apá lé tábìlì kó dọ́gba pẹ̀lú àyà, ẹ so ẹ̀rọ náà mọ́ ara gan-an, kì í ṣe lórí aṣọ, ẹ má sì sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ilé, 135/85 ni ààlà, kì í ṣe 140/90.

Kí gbogbo ará ilé yín mọ àmì rọpárọsẹ̀ náà: bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò gbé mọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, tí ojú ṣàdédé ṣókùnkùn, tàbí tí orí fọ́ ọ lọ́nà tí kò fọ́ ọ rí, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n rántí aago tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà, àárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ la sì sábà máa ń lè lò ó. Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní oúnjẹ, omi tàbí aspirin: ó lè pá a lórí, bó bá sì jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, aspirin á dá kún ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn. Àwòrán ọpọlọ nìkan ló lè sọ èwo ni.

Bí gbogbo rẹ̀ bá sì lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n ṣì gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé irú rẹ̀ ni ewu rọpárọsẹ̀ gidi ti ń ga jù.