Bí Iná Bá Kú, A Fi Eérú Bojú: Ǹjẹ́ Ó Kan Ìràwọ̀?

Ìbéèrè kan tó wá láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì fẹ́ mọ ìtumọ̀ òwe tó sọ pé, "Bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò," àti bóyá ó ṣe é pa fún ìràwọ̀ tó ti kú.

Níbi ìsìnkú àgbà ni a ti máa ń gbọ́ òwe yìí, tí a bá fẹ́ sọ pé olóògbé kò lọ láìní àrólé. Lójú tèmi, a kì í fi bẹ́ẹ̀ ro apá kìíní rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹni tó bá ti fi igi dáná ní Èkìtì mọ̀ pé eérú tó bo ògúnná lálẹ́ ni kì í jẹ́ kí ooru rẹ̀ tètè tán, tí a fi ń rí ohun tí a ó fẹ́ di iná ní ìdájí.

Ìràwọ̀ tó bá oòrùn wa dọ́gba, tí ohun tó ń jó nínú rẹ̀ bá tán, á tú afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ dànù sí òfuurufú, níbi tí ìràwọ̀ tuntun ti lè fi í ṣẹ̀dá ara, àárín rẹ̀ á sì fún pọ̀ di ohun tí a ń pè ní aràrá funfun (white dwarf), tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ayé yìí lọ. Ibí ni òwe náà ti yí padà díẹ̀: kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn, tí í ṣe eérú iná àtijọ́, ni ó wà nínú tó ń gbóná, nígbà tí haidírójìn àti hílíọ́ọ̀mù tí kò jó ni ó fẹ́lẹ́ bò ó lójú. Ooru máa ń yára rìn nínú aràrá náà, ṣùgbọ́n ìbòjú yẹn ni kì í jẹ́ kí ó tètè jáde, gẹ́gẹ́ bí Leon Mestel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ti ṣàlàyé ní 1952. Aràrá funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ lóru, ṣì gbóná tó nǹkan bí 25,000 Kelvin lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jó ohunkóhun mọ́.

Bí aràrá funfun ti ń tutù lọ, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, dídì náà á sì tú ooru tí ó ti pamọ́ jáde, èyí tó ń fa ìtutù rẹ̀ sẹ́yìn. Àkọsílẹ̀ satẹ́láìtì Gaia fi èyí hàn ní 2019. Àgbáyé kò tíì ju nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 13.8 lọ, ìyẹn kò sì tó kí aràrá funfun kankan tutù pátápátá. Nítorí náà, tí ẹ bá pa òwe yìí fún un, ẹ sọ pé iná náà ń kú lọ, ẹ má ṣe sọ pé ó ti kú.