Èèpo èkùrọ́ dípò òkúta: ohun tójú mi rí n'Íléṣà

Ẹ̀gbọ́n tó ní òun fẹ́ fi èèpo èkùrọ́ po kọnkéré ilé òun n'Ífẹ̀ torí owó òkúta wẹ́wẹ́, ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi ná.

Bíríkìlà ni mí n'Íléṣà. Òkìtì èèpo làwọn tó ń fọ́ èkùrọ́ ládùúgbò wa ń dà nù, wọ́n ní kí n wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Òṣómàáló ni mí, mo kó o. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan ni mo fi dá, gbígbẹ ni mo sì pò ó. Bí lébìrà ṣe ń bu omi sí i lèèpo ń fà á mu, àwa náà ò yé bu omi kún un. Lọ́sẹ̀ kejì, mo fi ìṣó ha ilẹ̀, ìyẹ̀fun ló ń dà jáde. Mo yọ èèpo kan, ara rẹ̀ ń dán, sìmẹ́ǹtì ò lẹ̀ mọ́ ọn rárá. Epo ṣì wà lára rẹ̀! Onílé ní kí n hú gbogbo ẹ̀, àpò mi ló ti jáde.

Ẹ̀ẹ̀kejì, omi gbóná àti ọṣẹ la fi fọ̀ ọ́. A rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, torí ó lè mu omi tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ ní wákàtí 24. A wá sá a títí omi fi gbẹ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ ṣì tutù. Páànù tá a fi ń ru kọnkéré ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́, ẹ má fi kílò ṣírò: kọnkéré òkúta ń wọ̀n tó kílò 2,400 ní mítà kúbìkì kan, ti èèpo sún mọ́ 1,900. 1:2:4 tá a mọ̀ yẹn (sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin) ò ní gbé e, ẹ ó fi sìmẹ́ǹtì kún un. Nítorí náà, sìmẹ́ǹtì á gbà lára owó òkúta tẹ́ ẹ rò pé ẹ rí fi pamọ́.

Jámánì fúlọ́ọ̀ (kọnkéré tá a ń dà sórí ìpìlẹ̀ ká tó mọ ògiri) àti ojú ọ̀nà inú ọgbà, ẹ lò ó. Òpó àti dẹ́kì, mi ò ní dá a láṣà, àyàfi tẹ́ ẹ bá ti fi kọnkéré náà mọ kúbù (ègé onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń dán agbára rẹ̀ wò), tí wọ́n fọ́ ọ wò ní ọjọ́ 28, tí ẹnjiníà sì fọwọ́ sí i.

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi eérú sọ́ọ̀mìlì (ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n jó) rọ́pò ìdajì sìmẹ́ǹtì, ẹ má dá a lóhùn. Bó bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 10 nínú 100, agbára kọnkéré ń lọ sílẹ̀. Èyí tó dúdú kirikiri, èédú ṣì wà nínú ẹ̀.

Àpò gàrí ni wọ́n ń tò sórí ilẹ̀ tá a dá lẹ́ẹ̀kejì yẹn dòní. Yàrá mélòó ni tiyín, kí n bá yín ṣírò páànù?