Mo ku XP 22 kí n di Gold lórí Flying Blue: ṣé kí n sáré lọ Paris kí n sì padà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Súrùlérè lẹ ń gbé, XP 158 ló wà lọ́wọ́ yín lórí Flying Blue, ètò ẹ̀bùn Air France àti KLM fún àwọn oníbàárà wọn; XP ni àmì tí wọ́n fi ń gbé yín dé ipò bíi Gold. Gold ń béèrè 180, ọdún tí wọ́n fi ń ka XP yín sì ti fẹ́ parí. Ẹ lè lọ o, àmọ́ Èkó sí Paris lásán kò ní tó yín.

Bí ọ̀nà ṣe jìn sí àti irú àga tí ẹ jókòó sí ni wọ́n fi ń ka XP, kì í ṣe iye owó tíkẹ́ẹ̀tì. Èkó sí Paris bọ́ sáàárín máìlì 2,000 sí 3,500, ìyẹn XP 8 ní economy. Àlọ àtàbọ̀ jẹ́ 16, ẹ ṣì ku 6.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ òfuurufú kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wọ̀ ní XP tirẹ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Paris lọ Amsterdam: ìrìn kékeré yẹn jẹ́ 5, nítorí náà 13 ní àlọ, 13 ní àbọ̀, àpapọ̀ 26. Ẹ ti di 184 nìyẹn. Business máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, àmọ́ èmi ò lè tìtorí káàdì Gold na irú owó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi máìlì ẹ̀bùn tí ẹ ti kó jọ lórí Flying Blue ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, kò ní mú XP wá. Físà Schengen yín sì gbọ́dọ̀ ṣì wúlò.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ń fò lọ́dún, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ kó ọjà wá fún ṣọ́ọ̀bù ní Balógun ni Gold máa ń wúlò fún gan-an.